Sí Olóòtú: Àwọn tó ń gún ẹja lórí yìnyín, wèrè kọ́ ni wọ́n o

Ẹ̀yin olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Èmi kì í sábà kọ̀wé sí ìwé ìròyìn, kí n kà á kí n sì bá àwọn ẹgbẹ́ mi jiyàn lé e lórí ti tó mi, àmọ́ ọ̀rọ̀ tí ọ̀gbẹ́ni kan kọ sójú ewé àwàdà yín lọ́sẹ̀ tó kọjá ò jẹ́ kí n sinmi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi gbé èsì mi jáde bó tilẹ̀ gùn díẹ̀.

Ó ní òun rí fídíò kan lórí fóònù, àwọn òyìnbó jókòó sínú ahéré tó ṣókùnkùn lórí adágún tó ti dì, wọ́n gbé ọ̀kọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ń wo ihò láti àárọ̀ dọ̀sán, ẹja ńlá tí wọ́n ń pè ní sturgeon tí wọ́n fẹ́ gún ò wá, wọ́n sì tún padà wá lọ́jọ́ kejì. Ó ní wèrè ni, ó ní tó bá jẹ́ ọmọ Ẹ̀gbá ni, á ti dé ọjà Láfẹ́nwá lọ ra àrọ̀ yíyan, á ti jẹun, á sì ti sùn. Mo rẹ́rìn-ín o, mi ò ní purọ́. Àmọ́ adágún Winnebago tó dárúkọ yẹn, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin l'Amẹ́ríkà, ìtòsí ẹ̀ ni mo gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún, ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe bébà ní ìlú Neenah ni mo ti jẹun kí n tó fẹ̀yìn tì tí mo sì padà wá sí Ìtòkò níbí. Mo ti wọ inú ahéré yẹn rí, mo ti wo ihò yẹn rí, ẹ jẹ́ n sọ ohun tó wà níbẹ̀.

Adágún yẹn tóbi, ó gùn tó máìlì 30, ó fẹ̀ tó máìlì 10, àmọ́ kò jìn, ibi tó jìn jù nínú ẹ̀ ò ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 21 lọ. Tó bá fi máa di oṣù kejì ọdún, ojú omi á ti dì gbagidi débi pé mọ́tò ń gba orí ẹ̀ kọjá, píkọ́ọ̀pù ńláńlá ni mò ń sọ o, tòun ti ahéré tí wọ́n so mọ́ ọn lẹ́yìn. Àwọn ẹgbẹ́ apẹja ìlú kọ̀ọ̀kan ló ń la títì sórí yìnyín, igi Kérésì táwọn èèyàn ti kó dànù lẹ́yìn ọdún ni wọ́n ń rì mọ́lẹ̀ létí títì kí awakọ̀ má bàa ṣìnà tí sínóò bá ń fẹ́, ibi tí yìnyín bá sì ti sán, wọ́n á gbé afárá lé e kí mọ́tò lè sọdá. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ní kí n wọkọ̀ ká jọ lọ, mo ní rárá o, ẹ ẹ́ mà pa mí sílẹ̀ yìí. Ẹ̀bá odò Ògùn ni wọ́n bí mi sí, omi tí mo mọ̀, ọkọ̀ onígi ló ń gba orí ẹ̀, kì í ṣe Ford.

Bàbá kan tá a jọ ń ṣe ṣíìfù alẹ́ ló mú mi lọ nígbẹ̀yìn. Bàbá yẹn dàgbà jù mí lọ dáadáa, èmi ni mo ń pè é ní Bàbá Ahéré, ó sì fẹ́ràn orúkọ yẹn débi pé ó ní kí n kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn ahéré ẹ̀ fún òun, mo sì fi ọ̀dà kọ ọ́ tòun ti àmì ohùn.

Bó ṣe ń lọ nìyí. Ọjọ́ tó ṣáájú ni wọ́n á lọ fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé gẹdú gé yìnyín ní igun mẹ́rin, nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sí mẹ́fà, wọ́n á ti èyí tí wọ́n gé sábẹ́ yìnyín tó kù, wọ́n á wá wọ́ ahéré lé ihò yẹn lórí. Lẹ́yìn náà wọ́n á dí gbogbo ibi tí ìmọ́lẹ̀ lè gbà wọlé. Ohun tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ nìyẹn, pé inú ahéré á ṣókùnkùn birimù ṣùgbọ́n omi inú ihò á mọ́lẹ̀, torí oòrùn ìta ń gba inú yìnyín wọnú omi, ẹ ẹ́ wá máa wo omi aláwọ̀ ewé tó ń tàn láti ìsàlẹ̀ wá, ẹ ò sì ní rí ọwọ́ ara yín. Bàbá Ahéré á yọ pòtétò látinú àpò kóòtù ẹ̀, á bó o, á rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, á máa jù ú sómi lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, á rì lọ títí á fi balẹ̀ sórí ẹrẹ̀ nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Mo ní kí leléyìí, ṣé ẹja ń jẹ pòtétò ni? Ó ní rárá, kò sóhun tó kan ẹja kan pòtétò, funfun yẹn la fẹ́ máa wò, tó bá ti parẹ́ lójú wa, ohun kan ló gba orí ẹ̀ kọjá. Àwọn míì máa ń lo páìpù funfun, àwọn míì sì ń lo èèpo ẹyin.

Ó wá ní ẹja igi kan tó gbẹ́ fúnra ẹ̀, ó kùn ún ní pupa àti funfun, ó da òjé sínú ikùn ẹ̀ kó lè rì, ó so okùn mọ́ ọn. Tó bá fa okùn yẹn díẹ̀, ẹja igi á yípo nínú omi wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ẹja tí wọ́n ń wá yẹn, sturgeon, máa ń yọjú wá wo ohun tó ń yí. Ọ̀kọ̀ á wà ní kíkọ́ sétí ihò, orí ẹ̀ á ti wà nínú omi kó má bàa pariwo tí wọ́n bá fẹ́ lò ó. Ẹ̀rọ gáàsì kékeré kan ń mú ẹsẹ̀ wa gbóná. A jókòó. A jẹ bùrẹ́dì. A tún jókòó.

Láti aago méje àárọ̀ di aago kan ọ̀sán ni òfin fi gbà wọ́n láyè, tí aago kan bá ti lù, kálukú á gbé ọ̀kọ̀ ẹ̀ sókè. Sátidé kejì oṣù kejì ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀, kò sì lè ju ọjọ́ 16 lọ, èèyàn kan ẹja kan, ẹja tí ò bá tó ínṣì 36, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gún un. Láísẹ́ǹsì yẹn gan-an, tẹ́ ẹ bá fẹ́ gún ẹja nínú oṣù kejì, ẹ gbọ́dọ̀ ti rà á tó bá fi máa di 31 oṣù kẹwàá ọdún tó ṣáájú, kó tó di pé ẹnikẹ́ni mọ̀ bóyá yìnyín máa nípọn tàbí omi máa mọ́. Ó sì máa ń lé ní 10,000 èèyàn tó ń rà á, ọ̀pọ̀ wọn ló sì máa ń lọ sílé lọ́wọ́ òfìfo, torí bí omi bá dọ̀tí lọ́dún kan, bí ẹja jókòó sábẹ́ yín gan-an ẹ ò ní rí i. Mo mọ àwọn tí wọ́n ti ń lọ láti ìgbà tí wọ́n ti wà lọ́dọ̀ọ́, tí ìyàwó wọn ti gún tiẹ̀, tí ọmọ wọn ti gún tiẹ̀, tàwọn ò tíì gún ìkankan. Ìyẹn ni ọ̀gbẹ́ni yín pè ní wèrè. Ó dáa náà, wèrè yẹn ní láísẹ́ǹsì.

Mo bá Bàbá Ahéré lọ títí, mi ò rí nǹkan kan ju pòtétò lọ. Lọ́jọ́ kan la dédé rí i pé pòtétò mẹ́ta ti parẹ́ pọ̀. Ẹja yẹn kò sáré, ó kàn yọ wá láti abẹ́ ògiri, dúdú, gbọọrọ, pẹ̀lú egungun ṣóńṣó-ṣóńṣó tó tò lẹ́yìn ẹ̀ àti irùngbọ̀n mẹ́rin lábẹ́ imú, ó súnmọ́ ẹja igi, ó dúró. Ara mi ń gbọ̀n. Mo ń retí kí Bàbá gún un, ọwọ́ ẹ̀ ti wà lára ọ̀kọ̀. Ó wò ó, ó wò ó, ó wá mọ́wọ́ kúrò. Ẹja yípo díẹ̀, ó lọ. Mo ní Bàbá, kí ló dé, ó ní ó kù díẹ̀ kó tó, mi ò sì mọ̀ dájú, ó wá ki ọwọ́ bọ àpò, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí bó pòtétò míì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ bí ojú ẹja ṣe ń wọni lára tí ebi bá ti ń pani, ẹ bá mi rò ó wò.

Nígbà tó wá gún ọ̀kan lóòótọ́, ní ọdún míì, mo wà ńbẹ̀. Kò ju ọ̀kọ̀ yẹn bí àwọn ọdẹ inú fíìmù ṣe máa ń jù ú, ó kàn tì í lọ sísàlẹ̀ tààrà ni, orí ọ̀kọ̀ yọ kúrò lára igi ẹ̀ bí wọ́n ṣe ṣe é kó máa yọ, okùn bẹ̀rẹ̀ sí sá, ó ní dì í mú! dì í mú! mo dì í mú, omi dà sí wa lára látòkè délẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ò lè kàn gbé e lọ sílé o. Ó ní ibi tẹ́ ẹ máa gbé e lọ kó tó di aago méjì ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba á wọ̀n ọ́n, wọ́n á fi tépù wọn gígùn ẹ̀, wọ́n á wò ó bóyá akọ ni àbí abo, bóyá ẹyin ti gbó nínú ẹ̀, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń pé síbẹ̀, àwọn ọmọ iléèwé, àwọn ìyá arúgbó, gbogbo wọn fẹ́ rí ti ta ló tóbi. Èyí tó tóbi jù lọ nínú àkọsílẹ̀ wọn, ní 2010 ni wọ́n gún un, ó wọ̀n tó pọ́ùn 212, ẹ jẹ́ ká ní àpò sìmẹ́ǹtì méjì ó dín díẹ̀. Bàbá fún wa lára tiẹ̀, ìyàwó mi fi ata rodo àti iyọ̀ bọ̀ ọ́, ọ̀rá wà lára ẹ̀, ẹran ẹ̀ le dáadáa, kò sì ní egungun tín-tìn-tín tó ń há ni lọ́fun. Ẹyin ẹ̀ ńkọ́? Ẹyin yẹn lówó lórí gan-an láyé, àmọ́ òfin ibẹ̀ ò gbà kẹ́nikẹ́ni tà á, ẹni tó bá gún ẹja lè jẹ ẹ́, ó lè fi tọrẹ, kó má ṣáà tà á.

Mo mọ̀ pé ẹ ẹ́ máa sọ pé gbogbo ìlànà rẹpẹtẹ yìí nítorí ẹja! Ohun tó mú mi kọ̀wé gan-an ló wà níbẹ̀. Abo ẹja yẹn máa ń tó ọdún 20 sí 27 kó tó yé ẹyin fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ tí ẹja yẹn jáde nínú ẹyin á ti jáde yunifásítì, á ti ṣe àgùnbánirọ̀ kí ẹja tó bímọ kan ṣoṣo. Tó bá sì ti yé ẹyin lẹ́ẹ̀kan, á tún tó ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kó tó yé òmíì. Láyé àtijọ́, wọ́n ti pa á débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ìjọba Wisconsin fòfin dè é pátápátá ní 1915, ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930 ni wọ́n tó gbà kí wọ́n tún máa gún un ní Winnebago. Lónìí, adágún yẹn wà lára ibi tí irú ẹja yẹn pọ̀ sí jù láyé. Wọ́n ń kà á. Bí ẹja ṣe ń wọlé síbi tí wọ́n ti ń wọ̀n wọ́n lójoojúmọ́, wọ́n ń ṣírò ẹ̀, pàápàá jù lọ abo tó ti dàgbà, torí wọn ò fẹ́ kó ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ tí wọ́n máa pa lọ́dún kan, tó bá ti ń kan ibẹ̀, wọ́n á kéde pé ó tán, ìbáà jẹ́ ọjọ́ kẹfà lẹ́yìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Mo ti rí i tí wọ́n ti adágún pa báyìí, kálukú ń wọ́ ahéré ẹ̀ lọ sílé, wọ́n ń kùn o, àmọ́ wọ́n ń lọ.

Kì í sì í ṣe ìbẹ̀rù ọlọ́pàá nìkan. Ní 1977, àwọn tó ń gún ẹja yìí fúnra wọn ló dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, Sturgeon For Tomorrow lorúkọ ẹ̀, wọ́n ń dá owó jọ fún iṣẹ́ ìwádìí lórí ẹja. Tó bá di oṣù kẹrin, tí yìnyín ti yọ́, ẹja yẹn máa ń gba odò Wolf gòkè lọ yé ẹyin lẹ́bàá òkúta etí odò, ó máa ń súnmọ́ etídò débi pé èèyàn lè na ọwọ́ kàn án. Mo lọ wò ó ní ìlú Shawano tó wà létí odò yẹn, omi ń ru gùdù, akọ ń fi ìrù lu abo, àwọn ọmọdé dúró lórí òkúta wọ́n ń pariwo. Ìgbà yẹn ló rọrùn jù láti jí i, torí ẹyin. Àwọn tó ń ṣọ́ ọ tọ̀sán-tòru, tí wọ́n ń pín ara wọn ní ṣíìfù, tí ẹnikẹ́ni ò san kọ́bọ̀ fún, àwọn kan náà tó ń jókòó sínú ahéré ni ọ̀pọ̀ wọn. Bàbá Ahéré wà lára wọn. Mo bá a ńbẹ̀ lóru nínú òtútù pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, mo ní Bàbá, ṣebí ẹ̀yin lẹ ń pa á. Ó ní ta ló tún yẹ kó ṣọ́ ọ?

Àṣìṣe wà lọ́dọ̀ tiwọn náà o, kẹ́nikẹ́ni má rò pé mò ń gbé òyìnbó gẹṣin. Dáàmù tí wọ́n kọ́ sí Shawano ní 1892 ló dínà ẹja yẹn mọ́ àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀, àwọn Menominee, tí ẹja yẹn ti ń dé ọ̀dọ̀ wọn láti ìgbà ìwáṣẹ̀, tí wọ́n sì fi ń ṣọdún tí òtútù bá ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí fi mọ́tò gbé ẹja ńlá kọjá dáàmù yẹn lọ fún wọn.

Tí wọ́n bá sì ti dárúkọ dáàmù, dáàmù Ọ̀yán tiwa ní ìpínlẹ̀ Ògùn níbí ni mo máa ń rántí. Ní 1983 ni Ààrẹ Shagari ṣí i, àwa tá a ti gbọ́njú nígbà yẹn mọ̀ pé àwọn abúlé kan wọmi nítorí ẹ̀, adágún ńlá wá jáde, apẹja sì dé láti ibi gbogbo, Hausa dé, àwọn tó wá láti apá Benue dé, àwọn tiwa náà wà ńbẹ̀. Mo lọ síbẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ará ilé mi kan wà ní ìtòsí Ìmálá. Apẹja kan tú agbọ̀n ẹ̀ sílẹ̀ fún mi, epìyà tí ò tó àtẹ́lẹwọ́ mi ló kún ibẹ̀, ó ní Bàbá, ẹ wò ó, ojú àwọ̀n ń kéré sí i lọ́dọọdún torí ẹja ń kéré sí i, ẹja sì ń kéré sí i torí ojú àwọ̀n. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ ò nílò kí n wá láti Wisconsin wá kọ́ òun ní nǹkan kan. Ó tún ní àwọn kan máa ń wá da oògùn sómi lóru, gàmálínì tí wọ́n fi ń pa kòkòrò oko, ẹja á léfòó, wọ́n á kó o lọ sọ́jà, àwa la ń jẹ ẹ́.

Èyí tó tiẹ̀ dùn mí jù ni ti ìbẹ̀rẹ̀ òjò. Ẹ̀yin ará oko mọ̀ ọ́n, tí òjò àkọ́kọ́ bá ti rọ̀ dáadáa tí omi bò koríko etídò, àrọ̀ máa ń wọ́ wá sórí omi tí ò jìn yẹn láti wá yé ẹyin. Ìgbà yẹn gan-an làwọn èèyàn ń gbé àdá àti agbọ̀n jáde. Wọ́n á ní bí a ó bá jẹ ọ̀pọ̀lọ́, ká jẹ èyí tó lẹ́yin. Ó dáa, kí wọ́n máa fi òwe yẹn jẹ ọ̀pọ̀lọ́, kí wọ́n fi àrọ̀ tó lẹ́yin sílẹ̀! Èmi náà fẹ́ràn ẹyin ẹja nínú ọbẹ̀, ta ni ò fẹ́ràn ẹ̀, àmọ́ ẹ wo ìyàtọ̀: ẹja tiwọn ń tó ọdún 20 kó tó bímọ, àrọ̀ tiwa, ọdún kan sí méjì ti tó. Bí wọ́n bá lè fi sùúrù dá irú ẹja yẹn padà, tiwa yìí tí kì í pẹ́ bímọ rárá, ṣé ọ̀sẹ̀ mélòó kan la ò lè fún un ni?

Mo mọ ohun tí ọ̀gbẹ́ni yín máa sọ. Á ní mò ń fi ẹni tó ń ṣeré wé ẹni tó ń wá oúnjẹ ọmọ. Òótọ́ ni, kò sẹ́ni tó ń fi ẹja Winnebago san owó iléèwé, ogún dọ́là ni ọmọ ìpínlẹ̀ yẹn ń fi ra láísẹ́ǹsì, tí kò bá rí ẹja, á lọ ra adìyẹ. Apẹja Ọ̀yán ò ní ibi tó máa lọ. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi sọ pé kí wọ́n ti adágún pa. Ohun tí mò ń sọ ò pọ̀: kí wọ́n fi àwọn ibi tí koríko wọmi yẹn sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, inú omi tó jìn ṣì wà fún wọn, kí àwọn apẹja fúnra wọn yan ẹni tó máa ṣọ́ ọ, torí àwọn ló mọ ẹni tó ń da oògùn, àwọn ló sì mọ ọ̀nà tó ń gbà wọlé. Tó bá jẹ́ pé láti Òkè-Mọsàn, níbi tí ọ́fíìsì gómìnà wà, ni wọ́n ti rán ẹnì kan tó wọ yúnífọ́ọ̀mù wá, wọ́n á fún un ní ẹja méjì, á lọ sílé.

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ̀bẹ̀ mi sí yín ni pé tí òjò ọdún tó ń bọ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ rán oníròyìn kan lọ sí Ọ̀yán ní ìdájí, kó tó di pé àwọn oníṣòwò kó ẹja lọ sí Láfẹ́nwá, kó wo inú agbọ̀n, kó ka àwọn tó lẹ́yin nínú wọn, kó sì béèrè lọ́wọ́ àwọn apẹja, kì í ṣe lọ́wọ́ ọ̀gá ọ́fíìsì kankan, pé ọ̀sẹ̀ mélòó ni wọ́n rò pé àwọn lè fi ibẹ̀ sílẹ̀. Owó mọ́tò ẹ̀ wà lọ́rùn mi.

Èmi ni tiyín,
Bàbá àgbà kan ní Ìtòkò, Abẹ́òkúta.